Síríńjì Mẹ́wàá Ṣáájú Ojúde Ọba

Àǹtí Aláṣọ-òkè ni gbogbo àdúgbò wa ń pè é n'Íjẹ̀bú-Òde, orúkọ yẹn náà ni màá fi pè é níbí, nítorí ó yọ̀ǹda kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí lórí àdéhùn pé mi ò ní dárúkọ òun. Ẹni ọdún 52 ni. Ó ti ń bá àtọ̀gbẹ yí láti bí ọdún mẹ́fà, oògùn méjì ló sì ń lò fún un: metformin láàárọ̀ àti lálẹ́, glimepiride lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Apòògùn ni mí, ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ló sì ti ń rà á. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, nítorí ohun tó dára yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2025, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Dókítà, ẹ fún mi ní síríńjì ínsúlínì mẹ́wàá." Mo kà á fún un. Ó sanwó, ó bèèrè ìyàwó mi, ó lọ. Àǹtí kò lo ínsúlínì rí láyé rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi í pé kí ló fẹ́ fi síríńjì ṣe. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Iṣẹ́ mi ni láti bèèrè.

Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀bú lè má mọ ohun tí Ojúde Ọba ń fi ojú obìnrin rí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Regbérẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á ti dá aṣọ, á ti yan gèlè, wọ́n á jó lọ síwájú láti kí Awùjalẹ̀. Láti ìgbà tí àwòrán ti ọdún 2024 ti gba orí ayélujára kan, ojú tó ń wò wá ti pọ̀ ju ti ará ilé lọ, kámẹ́rà wà níbi gbogbo. Ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Àǹtí ló kó aṣọ òkè ẹgbẹ́ wọn wá, tayọ̀tayọ̀ ló sì fi ń ṣe é, títí di ọjọ́ tí télọ̀ wá wọn wọ́n. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí télọ̀ fi okùn yí òun nídìí, tó ké nọ́ńbà náà sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo yàrá ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní ì bá tiẹ̀ dáa kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Èkó ti fọn gan-an láàárín oṣù díẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ ni, pé pẹ́ptáìdì ni wọ́n ń pè é, ó sì fi nọ́ńbà ọmọbìnrin tó ń tà á ránṣẹ́. Ìgò kan, ₦65,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000, nítorí náà kì í ṣe owó táwọn èèyàn ń fi í ṣọ̀fò. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ojúlówó abẹ́rẹ́ irú ẹ̀ ń lọ, lójú Àǹtí, ó dà bí ẹni rí nǹkan he.

Kí ni pẹ́ptáìdì? Kì í ṣe orúkọ oògùn kan. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú ni, tí a fi àwọn ẹyọ tó ń para pọ̀ di pùròtéènì so kọ́ra. Ínsúlínì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹyọ 51 ló wà nínú rẹ̀, láti 1922 ni wọ́n sì ti ń gún un fún alátọ̀gbẹ. Oxytocin tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù jẹ́ òmíràn, ẹyọ mẹ́sàn-án péré. Semaglutide àti tirzepatide tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn nítorí ara sísan wà nínú agboolé kan náà, ìwé wọn sì pé: FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn l'Ámẹ́ríkà, fọwọ́ sí tirzepatide fún àtọ̀gbẹ ní 2022, ó fọwọ́ sí i fún sísanra ní 2023. Nítorí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé májèlé ni pẹ́ptáìdì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe èyí tó ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò jáde, àti èyí tí a ò mọ ẹni tó pò ó, a ò mọ yàrá tó ti pò ó, a ò mọ ohun tó dà sí i.

Ìgò náà dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Kò ga ju àtàńpàkò mi lọ. Rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, irin tín-ínrín kan sì yí rọ́bà náà ká. Nísàlẹ̀, nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò bí ògì tó gbẹ sí ìdí igbá. Bébà ara rẹ̀ ní lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan: 30. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tí mo ní láti fi iná fóònù wò, wọ́n kọ gbólóhùn kan lédè òyìnbó pé ìwádìí nìkan ni ó wà fún, pé kì í ṣe fún èèyàn láti lò.

Mo bi Àǹtí bóyá ó ka ibẹ̀. Ó ní òun kà á, òun sì bi ọmọbìnrin náà. Èsì tó fún un ni pé, "Mọ̀mí, ẹ má da ìyẹn lóhùn, nítorí kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Kò purọ́ tán. Kì í ṣe oníbàárà ni wọ́n kọ gbólóhùn yẹn fún. Aṣọ òjò ẹni tó ń tà á ni. Bí nǹkan bá dáa, ó ti gba owó. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ó ti sọ fún ọ pé kí o má gún un. Irú ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá 2024, FDA kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ta semaglutide, tirzepatide àti retatrutide lábẹ́ gbólóhùn kan náà l'Ámẹ́ríkà, pé ohun tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún ló ń fi irú ohun tó jẹ́ hàn, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Retatrutide yẹn gan-an, orí ìdánwò ni ilé iṣẹ́ tó ni ín ṣì wà nígbà náà. Síbẹ̀ ó ti wà lójú ọjà.

Bí Àǹtí ṣe lò ó nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìgò kìíní tó rà, 10 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn mílígíráàmù mẹ́wàá tirzepatide, bí wọ́n ṣe sọ. Ìyẹ̀fun ni, ó ní láti fi omi pò ó kó tó lè fà á. Ọmọbìnrin náà fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ohùn náà létí ara mi. Ó ní, "Ẹ fa omi síríńjì kan sí i. Tó bá ti yòrò, kí ẹ máa gún yúníìtì àádọ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Síríńjì wo? Síríńjì mílílítà méjì ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Síríńjì ínsúlínì tó rà lọ́wọ́ mi ni Àǹtí lò, ìyẹn kò sì gbà ju mílílítà kan lọ, tí wọ́n pín sí yúníìtì 100. Omi tó yẹ kó jẹ́ méjì wá di ọ̀kan. Yúníìtì àádọ́ta tó yẹ kó gbé mílígíráàmù méjì àbọ̀, tó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tirzepatide, gbé márùn-ún. Èébì gbé e díẹ̀, inú ń yí i, ó ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gún un. Ìgò tó yẹ kó lo oṣù kan tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi òmíràn wá. Èyí tí ó ní mẹ́wàá ti tán lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó fi 30 ránṣẹ́, ó sì fi owó lé e. Ìgò kan náà, gíga kan náà, ìyẹ̀fun tó jọra. Àwọ̀ ìdérí nìkan ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Àǹtí pé ìṣirò ti yí padà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, ó fa omi síríńjì kan sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó gún yúníìtì àádọ́ta. Bí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bá jẹ́ òtítọ́, mílígíráàmù 15 ló gún sínú ikùn ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun ni ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń bá dókítà lọ, tó ń gòkè ní oṣù-oṣù, kì í dé ibẹ̀ kó tó pé ogún ọ̀sẹ̀.

Mo ní "bí ó bá jẹ́ òtítọ́", nítorí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè kéré sí i, ó lè pọ̀ jù ú lọ, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Láti Èkó ni wọ́n ti fi ọ̀kadà àti mọ́tò gbé e wá nínú ọ̀rá lásán. Nígbà tí ó pò ó tán, inú agolo Bournvita ló tọ́jú rẹ̀ sí, ó gbé e sínú fírísà láàárín pọ̀nmọ́ àti ẹja títutù. Irú oògùn báyìí, inú fíríìjì ni ààyè rẹ̀, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí Celsius, kò gbọ́dọ̀ dì. Iná wá, iná lọ, ó dì, ó yọ́, ó tún dì.

Láti ọjọ́ Àìkú ni èébì ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kò lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin se ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn jù, òórùn rẹ̀ lásán ló lé e síta. Ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀, ó ń pọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀, láìfi ọjọ́ kan ṣeré, ó ń lo glimepiride rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ibí yìí. Tirzepatide ní ọgbọ́n tirẹ̀: ìgbà tí ṣúgà bá ga lára ló máa ń ti ara pé kó tú ínsúlínì jáde. Glimepiride kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bó o jẹun, bó ò jẹun, ó ń tì í. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń dín glimepiride kù, tàbí kó dá a dúró, kó tó fi tirzepatide lé e. Àǹtí ń lo méjèèjì, ebi sì ti wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ṣílẹ̀kùn tán. "Bọ̀dá, ẹ gbà mí, màmá mi ń sọ kántankàntan." Mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, mo tẹ̀ lé e. Orí àga ni ó wà, òógùn ti rẹ aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó wẹ̀ láìbọ́ṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wojú mi, ó pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Mo tẹ ọmọ ìka rẹ̀: 41. Ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ó ṣì ń gbé mì, nítorí náà a po ṣúgà sómi, a ń fún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó di 68, ojú rẹ̀ là, ó ní, "Dókítà, kí lẹ ń ṣe nílé mi?"

Àwọn ọmọ ti ń dúpẹ́, wọ́n fẹ́ dá mi padà. Mo ní rárá, ilé ìwòsàn ni à ń lọ, nísinsìnyí. Ṣúgà tí glimepiride fà wálẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi ṣúgà bá tán lára, yóò tún jábọ́. Ó jábọ́ lóòótọ́, kò tíì tó wákàtí méjì tí a dé wọ́ọ̀dù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra nǹkan yìí rí. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló gún? Ìwọ̀n mélòó? Nígbà wo? Ẹ̀kẹta nìkan la rí dáhùn. Ó yí ìgò náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní kí ọmọ náà pe ẹni tó tà á. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó ní omi tí Mọ̀mí fi pò ó ni kò tó, ó ní òun kì í ṣe dókítà. Nígbà tí wọ́n tún pè é ní ìrọ̀lẹ́, ó ti dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà wọn.

Kò sí oògùn tí wọ́n fi ń yọ tirzepatide kúrò lára. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò, márùn-ún mìíràn kí ìdajì èyí tó kù tó lọ. Dúró ni wọ́n ń dúró dè é. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń fi dírípù ṣúgà gbé e ró, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èsì sì fi hàn pé gbígbẹ tí ara rẹ̀ gbẹ ti ń ni kíndìnrín rẹ̀ lára. Alẹ́ mẹ́rin ló sùn níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà sílé, kíndìnrín ti ń bọ̀ sípò.

Lálẹ́ kejì, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọmọ rẹ̀ obìnrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, ṣé wọ́n lè mú màmá wa? Wọ́n ní nǹkan tí wọ́n rà yẹn kò bófin mu." Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Òfin tó dá lórí ìforúkọsílẹ̀ oògùn, tó ti wà láti 1993, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe oògùn, kó o wọ̀lú, kó o jáde, polówó rẹ̀, tà á, tàbí pín in kiri ní Nàìjíríà, àfi bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC. Ka ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó rà á tó sì gún un sára ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kì í sì í ṣe kokéènì tí NDLEA yóò tìtorí rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó ń polówó rẹ̀, tó ń tà á, tó ń fi ránṣẹ́, òun ni òfin ń wò. Òfin mìíràn tó dá lórí ayédèrú oògùn tilẹ̀ ka kíkiri oògùn léèwọ̀ lọ́jà, nínú gáréèjì, lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, kò sí WhatsApp, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà ló ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Mo ní kó má tíì mí. Àǹtí ti ṣèlérí fún obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ wọn pé òun á bá wọn mú tiwọn wá, wọ́n tiẹ̀ ti fi owó ránṣẹ́. Bí ó bá gba ìgò yẹn tó sì fi lé wọn lọ́wọ́, ó ti kúrò ní ẹni tó ń rà, ó ti di ẹni tó ń tà. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ rẹ̀ láti òkè òkun, ó ti di ẹni tó ń kó o wọ̀lú. Ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá owó àwọn obìnrin náà padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òfin má mú ọ, ọ̀tọ̀ ni kí òfin gbèjà rẹ. Bí mo bá ta oògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC tó sì pa ẹnì kan lára, orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lè wá èmi náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n lè kó gbogbo ìpín yẹn kúrò lọ́jà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí owó tó lé lórí ojúlówó ń rà nìyẹn. Kódà ojúlówó gan-an, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀: ní oṣù kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé wọ́n ti rí ayédèrú Ozempic, orúkọ kan tí wọ́n fi ń ta semaglutide, ní Brazil, ní Ìlú Ọba àti l'Ámẹ́ríkà. Bí wọ́n bá lè ṣe ayédèrú èyí tó ní páálí àti nọ́ńbà, mélòómélòó èyí tí kò ní nǹkankan lára?

Àwọn obìnrin tó ń wá tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kọ́. Kò tíì pẹ́ tí ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá Ìkẹ́nnẹ́ wá bi mí bóyá mo ní pẹ́ptáìdì kan tí wọ́n ń pè ní BPC-157, nítorí orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń tètè jẹ́ kí iṣan jinná. Mo sọ fún un pé kò sí orílẹ̀-èdè kan tí mo mọ̀ tó fọwọ́ sí i fún èèyàn, àti pé àjọ WADA tó ń gbógun ti oògùn líle nínú eré ìdárayá ti kà á léèwọ̀ láti 2022. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe fún un lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí orúnkún tó gbà á. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ká ní Àǹtí bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ra síríńjì, mi ò ní bá a jà. Ó ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ fọn. Ara tó fúyẹ́ yóò sì ṣe àtọ̀gbẹ rẹ̀ lóore. Mà bá kọ ìwé lé e lọ́wọ́ sí dókítà tó ń wò ó. Yóò yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, yóò bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, irú èyí tí oògùn yìí kò bá mu, yóò dín glimepiride kù. Bí owó bá wà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti méjì àbọ̀. Bí owó kò bá sí, yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀, wọn yóò jọ wá ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ta síríńjì ínsúlínì kan fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìbèèrè. Inú ń bí àwọn kan. Mo ń bèèrè síbẹ̀.

Ó lọ sí Ojúde Ọba. Mo rí i lábẹ́ kánópì, ó jókòó, ọmọ rẹ̀ mú omi dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí télọ̀ wọ̀n fún un ti tóbi jù ú lọ, wọ́n fi pín-ìnnì pa ẹ̀yìn bùbá pọ̀. Nígbà tí ìlù kan ẹgbẹ́ wọn, ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó tún jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí NAFDAC, nítorí wọ́n ní fọ́ọ̀mù tí àwa apòògùn, àwọn dókítà àti aláìsàn fúnra rẹ̀ lè fi sọ pé oògùn ṣe èèyàn báyìí báyìí. Ó wà lórí fóònù pàápàá. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tó ṣe é, mo kún un títí ààyè fi tán. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti bèèrè nípa oògùn. Mo gbé ìgò náà sábẹ́ iná. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é: kò sí. Nọ́ńbà ìpín: kò sí. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́: kò sí. Nọ́ńbà NAFDAC: kò sí.